Ìgbàgbọ́ àti sáyẹ́ǹsì nínú títọ́ ọmọ: ìfiwéra fún òbí tó ń yàn

Lẹ́yìn ìpàdé àwọn òbí nílé-ẹ̀kọ́ wa ní Àkúrẹ́ ní sáà tó kọjá, bàbá ọmọ kan dúró dè mí lẹ́nu géètì. Ó mọ̀ pé bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ ọmọ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ó sì mọ̀ pé èmi náà ni mo máa ń dúró níwájú àwọn ọmọdé nílé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nínú ìjọ wa. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Lọ́jọ́ Túsídeè, ẹ sọ fún ọmọ yìí pé òkúta Ìdànrè ti wà láti nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ kà á fún un pé ọjọ́ mẹ́fà ni Ọlọ́run fi dá ayé. Ó bi mí pé èwo ni kóun gbà, mi ò rí nǹkan kan sọ. Èwo gan-an ni kí n fi tọ́ ọ?"

Mo ti gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́nu òbí púpọ̀, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí. Ọ̀rọ̀ owó àti àkókò wà nínú rẹ̀ ju bí a ṣe ń rò lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni a fẹ́ kó wà ní ìpàdé àdúrà tàbí ilé kéwú, kó wà ní lẹ́sìn, kó sì sùn. Ilé-ẹ̀kọ́ kan á fi wákàtí kan gbáko gbàdúrà láàárọ̀, àgádágodo á sì wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin. Òmíràn á ní kọ̀ǹpútà nílẹ̀ lọ súà, ẹnikẹ́ni ò sì ní bi ọmọ léèrè bóyá ó parọ́ lónìí. Owó kan ló wà lọ́wọ́, òbí gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan.

Kí n sọ èrò mi ṣáájú, kí ẹ lè mọ ibi tí mo dúró sí. Lórí ohun gbogbo tó bá kan ara ọmọ, sáyẹ́ǹsì ni kó ṣáájú. Lórí bí ọmọ ṣe máa bá èèyàn gbé àti bó ṣe máa fara da ohun tí kò lè yí padà, ìgbàgbọ́ ni mo fi ń tọ́ tèmi. Níbi tí méjèèjì bá ti kọlu ara wọn, ẹ má parọ́ fún ọmọ.

Nígbà tí ara ọmọ bá gbóná

Ibí ni mo ti máa pẹ́ jù, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń gba ẹ̀mí.

Àkọ́bí mi kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí gìrì gbé e. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni. Ara rẹ̀ ti ń gbóná láti ọ̀sán, mo ti fún un ní parasitamọ́, mo ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́ igbe ìyá ọkọ mi. Nígbà tí mo fi débẹ̀, ojú ọmọ ti yí sókè, eyín rẹ̀ ti wà pọ̀, tọwọ́ tẹsẹ̀ ló ń gbọ̀n. Ẹnì kan ń fi ṣíbí yà á lẹ́nu. Ẹlòmíì ti gbé òróró dé. Ó rọ̀ nígbà tó yá, gbogbo wa dúpẹ́, a sì gbé e lọ sí ilé àdúrà kan tí kò jìnnà sí wa. Wọ́n gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n ní kó lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ẹní. Òru kan la lò. Èmi tí mo fi ṣọ́ọ̀kì ya ẹ̀fọn sójú pátákó lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, mo jókòó ti ọmọ mi, mò ń kọrin, mo gbé ọwọ́ lé e láyà, mò ń ka bó ṣe ń mí. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, mo wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ti funfun báláú. Mi ò bi ẹnikẹ́ni mọ́. Mo pọ̀n ọ́n, mo gun ọ̀kadà, ó di ọsibítù. Ibà ti jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán. Ọjọ́ náà ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára.

Àwọn tó bá wa gbàdúrà lóru yẹn fẹ́ràn wa. Nígbà tí owó ọsibítù wọ̀ wá lọ́rùn, àwọn ará ìjọ wa ló dá ìdajì rẹ̀. Sáyẹ́ǹsì kò lè ṣe ìyẹn fún mi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú gbogbo wa, tó fi mọ́ èmi tí mo kàwé rẹ̀, tí wọ́n ti tọ́ láti kékeré pé bí gìrì bá dé, ọ̀nà ọsibítù ni ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti kékeré ni ara máa ń sáré sí lọ́jọ́ ìpayà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí: ooru ara tó ga ni ó sábà máa ń fa gìrì lára ọmọ tó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà lé ilẹ̀, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má rọ àgbo sí i lọ́nà ọ̀fun. Kódà bó bá dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, torí ibà tó bá wọ ọpọlọ náà máa ń fa gìrì, kì í sì í dúró de ọjọ́ kẹta.

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́ lágbègbè wa. Lọ́dún 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa katapílà tó ń tẹ títì nítòsí Ìkéjì-Arákejì, ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, kó tó gbọ́ ìpè tó sọ ọ́ di wòlíì. Nígbà tí àwọn Aládùúrà sì pe àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó wá bá wọn ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún 1930, oògùn kuníìnì tí àwọn òyìnbó yẹn ń lò sí ibà wà lára ohun tó tú wọn ká. Lónìí, yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ Babalọlá wà ní Ìkéjì-Arákejì, wọ́n sì ń kọ́ sáyẹ́ǹsì níbẹ̀. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn tó rò pé ẹni tó bá gba oògùn ti ta ìgbàgbọ́ àwọn bàbá rẹ̀.

Ibà Lassa tún wà níbẹ̀. Ọdún 1969 ni wọ́n dá a mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Oǹdó wa wà lára ibi tó ti ń jà jù lọ, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ aláìsàn rẹ̀ ń forí lé. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ èkúté kan tó ní ọmú púpọ̀ ló ń gbé e dé inú oúnjẹ. Gààrí tí a sá sẹ́bàá títì, ìrẹsì tí a kò dé, ilé tí pàǹtírí yí ká. Bó bá bẹ̀rẹ̀, bí ibà lásán ló ṣe máa ń rí. Ọmọ tí wọ́n ti kọ́ láti dé gààrí ní ìdérí tó há, tó mọ̀ pé ibà tí oògùn ibà kò ràn lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta yẹ fún àyẹ̀wò, ọmọ yẹn lè gba ilé rẹ̀ là. Kò sí ẹsẹ Bíbélì tàbí súrà tó ta ko ìdérí.

Àwọn ọmọ tó ń kú tí wọ́n ń padà wá

Láyé àwọn ìyá wa àgbà, bí obìnrin bá bí ọmọ mẹ́ta tí wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, àbíkú ni wọ́n máa ń pè é. Wọ́n á sọ èyí tó bá tẹ̀ lé e ní Málọmọ́, Kòsọ́kọ́, Dúrójayé. Wọ́n á fi abẹ ṣá òkú òmíràn lára, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bó bá tún wá. Ibà àti èéyi ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tó jẹ́ fòníkú-fọ̀ladìde, tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS.

Mo ní abọ́ méjì àti ìdérí ìgò tí mo fi ń kọ́ èyí. Nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan, ìdérí pupa àti funfun wà ní iye kan náà. Abọ́ kan ni bàbá tó jẹ́ AS, èkejì ni ìyá tó jẹ́ AS. Ọmọ á dijú, á mú ọ̀kan nínú abọ́ bàbá, á mú ọ̀kan nínú ti ìyá. Pupa méjì ni SS. Nínú mẹ́rin, a ń retí SS kan, AS méjì, AA kan. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan mú pupa méjì, ó dá wọn padà, ó pò wọ́n pọ̀, ó tún mú pupa méjì. Ó wojú mi. Ó ní, "Mà, ṣebí ó ti kan SS tẹ́lẹ̀?" Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n mú lọ sílé nìyẹn: oyún kì í rántí oyún tó ṣáájú rẹ̀. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS, kò sì sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ SS tó tiwa. Ibà ló fà á: ẹni tó jẹ́ AS, ibà kì í tètè rí i pa ní kékeré, ìdí nìyẹn tí AS fi pọ̀ láàárín wa.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí òfin tí mò ń fi ìdérí ìgò ṣàlàyé yìí, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Kátólíìkì ni. Gregor Mendel ni orúkọ rẹ̀. Inú ọgbà ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn nílùú Brno ní Yúróòpù ló ti gbin irúgbìn kan tó jọ ẹ̀wà láti 1856 dé 1863, tó ń ka èyí tó funfun àti èyí tó ní àwọ̀, tó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1866. Ẹni tó ń gbàdúrà ló ń ka ẹ̀wà.

Lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìjọ wa ti ṣe dáadáa ju ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Kò sí ìgbéyàwó láìsí èsì jẹ́nótáìpù láti lábù. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ fún àwọn ọ̀dọ́ méjì nínú ẹgbẹ́ akọrin pé AS àti AS ni wọ́n, aṣọ ẹbí ti wà nílẹ̀. Wọ́n sunkún, àwa náà sunkún. Nítorí náà, ẹ má dúró de ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹ sọ jẹ́nótáìpù ọmọ fún un kó tó pé ọmọ ọdún 15, nígbà tí kò tíì fọkàn fún ẹnikẹ́ni. Mo sì ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé ìgbàgbọ́ máa sọ AS di AA. Ọmọ tí wọ́n bí lórí ọ̀rọ̀ yẹn ló ń jẹ ìrora egungun lóru, ẹni tó sọ ọ́ ti sùn.

Òkúta Ìdànrè àti ọjọ́ mẹ́fà

Ìbéèrè bàbá yẹn gan-an nìyí. Mo mú kíláàsì mi gun òkè Ìdànrè, àtẹ̀gùn tó lé ní 600. Ẹni tó ń mú wa kiri fi ojú ẹsẹ̀ Agbóógun hàn wá, tí wọ́n ní ó máa ń gba ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn, àyàfi àjẹ́. Ó nawọ́ sí ibi tí wọ́n ní ọkọ̀ Nóà gúnlẹ̀ sí. Kí a tó gbéra, mo ti ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé méjì. Ojú ewé òsì, ẹ kọ ohun tí àwọn èèyàn ibí gbà gbọ́ àti ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọ́ fún ọmọ wọn. Ojú ewé ọ̀tún, ẹ kọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ojú rí, fi ọwọ́ kàn, kó sì tún un wò. Lápá ọ̀tún, wọ́n kọ pé hóró òkúta náà tóbi, ó sì ń dán. Ìyẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti tutù díẹ̀díẹ̀, kí òjò tó fọ ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ lọ. Nínú irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni èròjà kan wà tó ń yí padà di òjé ní ìwọ̀n tí kì í yẹ̀. Ẹni tó bá wọn òjé náà àti èròjà tó ṣẹ́kù lè ka ọjọ́ orí òkúta.

Bí wọ́n bá ka ọjọ́ mẹ́fà sí wákàtí 24 lọ́nà mẹ́fà, ojú ewé méjèèjì kò bára mu. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ. Mo sọ fún wọn pé èmi gba ọjọ́ orí òkúta náà gbọ́, pé ohun tí Jẹ́nẹ́sísì ń kọ́ mi ni ẹni tó ni ayé àti pé kí n sinmi lọ́jọ́ keje, pé àwọn mìíràn wà nínú ìjọ wa tí wọ́n kà á bó ṣe wà, pé àwọn náà kì í ṣe òmùgọ̀. Mo tún rán wọn létí pé Georges Lemaître, tó sọ ní 1927 pé gbogbo àgbáyé ń fẹ̀ sí i, àlùfáà Kátólíìkì ni. Ìsárun kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ibẹ̀ ni Ihò Eléérú wà, níbi tí awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti wa egungun èèyàn jáde ní 1965, egungun tó ti lé ní 11,000 ọdún. Ọmọ Àkúrẹ́ tí kò gbọ́ èyí rí nílé á gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn lọ́jọ́ kan, á sì rò pé ńṣe ni wọ́n fi pa mọ́ fún òun. Ẹfolúṣọ̀n wà nínú bàọ́lọ́jì WAEC. Mo ti rí ọmọ tó kọ ìdáhùn tó pé, tó wá fi kún un nísàlẹ̀ pé òun kò gbà á gbọ́. Mo fún un ní máàkì rẹ̀ pé. Ọmọ yẹn kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ nínú ìṣẹ̀ṣe, iṣẹ́ yín rọrùn ní apá kan. Ojú odù 16, ìlọ́po 16, ó jẹ́ 256. Ọmọ tó mọ ìdí tí ọ̀pẹ̀lẹ̀ tó ní ojú mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí sókè tàbí kó dojú bolẹ̀, fi lè ṣubú lọ́nà 256 ti mọ ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà, tó ń fi àmì méjì péré ka ohun gbogbo. Àwọn ọmọ kéwú náà, ọ̀rọ̀ áljébrà tó ń dà wọ́n láàmú, inú èdè tí wọ́n fi ń kéwú ló ti wá.

Ìbẹ̀rù

Lóṣù keje ọdún 2022, àwọn ọlọ́pàá kó èèyàn 77 jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan nílùú Oǹdó. Ọmọdé 26 wà nínú wọn. Ìgbàsókè ni wọ́n ní wọ́n ń retí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọmọ yín pé kó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run, tàbí pé kó má sọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ fún yín, ẹ mú un kúrò lọ́jọ́ yẹn.

Mímọ sáyẹ́ǹsì nìkan kò sì ní kí ìbẹ̀rù má mú èèyàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí Ẹ̀bólà wọ̀lú, fóònù mi dún láàárín òru pé kí n fi omi iyọ̀ wẹ ọmọ. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní kẹ́mísírì ló pè. Èèyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, a sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, torí pé wọ́n wá gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn rí lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi iyọ̀ kọ́.

Ìwà

Níbí, ìgbàgbọ́ ló wúwo jù lójú mi. Ọmọ lè mọ físíìsì yanjú kó sì jókòó sí mírákù sẹ́ńtà, níbi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sójú pátákó fún wọn. Ó dùn mí pé orúkọ iṣẹ́ ìyanu ni a fún olè. Ohun tí ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí ní tí lábù kò ní ni àgbàlagbà ogún tó mọ orúkọ ọmọ yín, tó máa bi í pé kí ló dé tí kò wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó máa gbé e lọ kí aláìsàn.

Ṣùgbọ́n ìwà kan wà tí sáyẹ́ǹsì ń kọ́ ọmọ tí ìwàásù kì í tètè kọ́ ọ. Mo ní kí wọ́n gbin ẹ̀wà sínú agolo mílíìkì, kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n rí. Ẹ̀wà ọmọkùnrin kan kò hù, ó wo ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé ó hù lọ́jọ́ kẹrin. Mo ní kó gbé agolo rẹ̀ wá. Ó gbé e wá, ó ń wolẹ̀. Mo ní kó fi ìka wa ẹ̀wà náà jáde: omi tó pọ̀ jù ti jẹ ẹ́ rà. Ó pa ohun tó kọ rẹ́, ó kọ "Kò hù", ó kọ ìdí rẹ̀. Kò ná ìyá rẹ̀ ní ju ẹ̀wà mẹ́ta lọ.

Kí ẹ tó fi orúkọ ọmọ sílẹ̀

Ẹ lọ sílé-ẹ̀kọ́ náà lọ́jọ́ tí wọn kò retí yín, ẹ ní kí wọ́n ṣí yàrá àyẹ̀wò. Bí eruku bá bo maikirosíkóòpù, ẹ ti rí ìdáhùn. Ẹ lọ bá olùkọ́ ọjọ́ ìsinmi tàbí áfáà, ẹ bi í pé bí gìrì bá gbé ọmọ níbí, kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe? Ẹni tí kò bá dárúkọ ọsibítù, ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ fún un. Ẹ tún bi àwọn méjèèjì pé bí ọmọ mi bá bi yín ní ohun tí ẹ kò mọ̀ ńkọ́? Èyí tó bá lè sọ pé òun á ní òun kò mọ̀, òun ni kí ẹ mú, ì báà jẹ́ wòlíì, ì báà jẹ́ dókítà. Bó bá jẹ́ pé owó ọ̀kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ yín, ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì dáadáa ni kí ẹ ná an lé, kí ẹ sì fi ìgbàgbọ́ tọ́ ọmọ nílé. Òbí púpọ̀ nílùú yìí lè kọ́ ọmọ láti gbàdúrà. Òbí tó lè kọ́ ọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ kò pọ̀.

Ìyá ọkọ mi, tó kígbe lọ́jọ́ gìrì yẹn, kú lọ́dún tó kọjá. Àkọ́bí mi ti pé ọmọ ọdún 14. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó wá bá mi ní kíṣìnnì. Ó ní, "Màámi, kí ló pa Màmá gan-an?" Mo sọ fún un: ẹ̀jẹ̀ ríru ni, òpó kan bẹ́ nínú ọpọlọ, bí páìpù omi ṣe máa ń bẹ́ bí agbára omi bá pọ̀ jù. Mo fi ọwọ́ yà á fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó dákẹ́, ó tún ní, "Ṣé wọ́n ń gbọ́ wa níbi tí wọ́n wà?" Mo ní mo gbà bẹ́ẹ̀, pé mi ò lè fi hàn án bí mo ṣe fi ti ẹ̀jẹ̀ hàn án, ṣùgbọ́n mo gbà bẹ́ẹ̀. A jọ jókòó síbẹ̀ títí omi fi hó.

Lọ́jọ́ ìsìn orin, ó bi bàbá rẹ̀ pé, "Dádì, ìgbà wo lẹ wọn ìfúnpá yín gbẹ̀yìn?" Bàbá rẹ̀ kò rántí. Ó fà á lọ́wọ́ pẹ̀lú aṣọ òkú lọ́rùn, wọ́n lọ sí ilé oògùn kan ní Ìjọ̀kà. 160 lórí 100 ni. Orin kejì la wà nígbà tí wọ́n wọlé, òun ló gbé báàgì oògùn náà lọ́wọ́.